Níwọ̀n Bí Ẹ Ti Bèèrè

Tolga, ọmọ àbúrò mi, ló ní ká lọ jẹun níta.
Ó ní ẹni tó pé àádọ́rin ọdún kò gbọdọ̀ dáná lọ́jọ́ ìbí rẹ̀.
Ẹ̀rọ agbéniròkè gbé wa dé àjà kejìdínlógún,
gbogbo Ìsítáńbùlù tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀ bí ẹní,
ọkọ̀ ojú omi ń la àárín ìlú kọjá bí èèrà tó ru ìrẹsì.
Mo ní, "Ó dára. Ṣé ojú la ó fi jẹun ni?"

Wọ́n gbé àwo dé. Àwo náà fẹ̀ tó ọmọrí ìkòkò Zeki,
oúnjẹ àárín rẹ̀ kò tó èékánná àtàǹpàkò.
Ọmọkùnrin tó gbé e wá fẹ́rẹ̀ẹ́ ki oríkì ẹja náà fún wa:
omi tó ti wá, ẹni tó ju ìwọ̀, epo tó fi wẹ̀.
Mo gbọ́ ìtàn ẹja tán kí n tó rí ẹja.
Mo fi ṣíbí kàn án, ó ti lọ.
Ọ̀nà ọ̀fun ò tilẹ̀ mọ̀ pé àlejò kọjá.

Wọ́n tún gbé èéfín wá. Mo ní èéfín.
Wọ́n fi dígí dé e mọ́lẹ̀ bí ẹni dé òròmọdìyẹ,
wọ́n ṣí i, ó fò lọ, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.
Ogójì ọdún ni mo fi lé èéfín jáde ní kíṣìnì,
kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún mi rí.

Èrò mi nìyí, níwọ̀n bí ẹ ti bèèrè:
ilé oúnjẹ tí kò kọ iye sínú ìwé mọ ohun tó ń fi pa mọ́.
Bí agbáwo bá ń rẹ́rìn-ín kí ẹ tó jókòó, ẹ di àpò yín mú.

Lọ́dọ̀ Zeki, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ní Fátì,
ìkòkò mẹ́sàn-án ló wà lórí iná, gbogbo wọn ṣí sílẹ̀,
ìka lèèyàn fi ń nà wọ́n:
ìgbá tí wọ́n ki ẹran bọ̀ níkùn, ẹ̀wà funfun,
ọbẹ̀ gbígbóná tí à ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí.
Awakọ̀ takisí, akọ̀wé kóòtù, ọmọ tó ń rán bàtà,
èjìká kan èjìká. Kò sẹ́ni tó ń pẹ́,
torí ẹlòmíràn ti dúró sẹ́yìn àga rẹ.
Búrẹ́dì, ọ̀fẹ́. Omi, ọ̀fẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu Zeki pàápàá, ọ̀fẹ́,
ìjọba ló ń bú láti orí ọbẹ̀ dé orí tíì.

Feridun ọkọ mi fẹ́ràn ìrẹsì tó gan mọ́ ìdí ìkòkò.
Zeki a máa ha á pa mọ́ dè é.
Ọdún mẹ́fà rèé tí Feridun ti lọ,
Zeki ṣì ń ha á. Èmi ni mo ń jẹ ẹ́.
N kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń há mi léyín.
N kò tíì sọ fún un.

Sabahat àbúrò mi ní iyọ̀ Zeki pọ̀ jù. Òótọ́ ni.
Lọ́dún tó kọjá mo rí irun nínú ẹ̀wà;
mo yọ ọ́, mo ń jẹ lọ.

Àmọ́ kí n má purọ́ lọ́jọ́ ogbó. Bọ́tà wọn lókè yẹn!
Ó dùn débi pé inú bí mi.
Mo tọrọ búrẹ́dì lẹ́ẹ̀mẹta. Tolga ń wo òde.
Mo wé èyí tó kù sínú bébà, mo sọ ọ́ sápò.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé e fún Zeki.
Ó fi ọ̀bẹ tọ́ ọ wò. Ó dákẹ́.
Ó wo ìkòkò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé ìkẹsàn-án.
"Olè ni wọ́n," ló wí,
ó sì tún lá ọ̀bẹ náà.